Igbó Tí Ó Mọ Ìtumọ̀ Àálè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ jẹ iyán tán tí ojú yín ti ń rọ̀. Ààlọ́ mi balẹ̀ gbàgà, ó balẹ̀ gbìgì, ó balẹ̀ lé orí Àwẹ̀ró àti àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú Ọgbọ́npọ̀.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀dá dá ní Ọgbọ́npọ̀. Iṣu kò ta, àgbàdo kò gbó, kànga gbẹ. Àwọn ìjòyè pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fẹnu kò pé òòrùn ń mú. Ẹ ò rí ọgbọ́n?

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àwẹ̀ró, wọn kò pè é sípàdé. Ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ ti wà lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ náà gidigidi. Ó lọ ṣẹ́gi tí yóò fi pààrọ̀ ẹ̀kọ. Ó rìn, ó rìn, ó rìn, ó bọ́ sínú igbó kan tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ewé ibẹ̀ tutù, omi ń ṣàn, èso pọ́n lórí igi. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan:

Igbó, mo kúnlẹ̀ o,
*Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jó.*
Ìyá mi kò jẹun,
*Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jó.*
Fún mi ní t'òní nìkan,
*Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jó.*

Igi ńlá kan tẹ ẹ̀ka rẹ̀ ba. Ó ní, "Mú t'òní. Wá mú t'ọ̀la lọ́la."

Ìyá àgbà jẹ èso náà, ó dìde jókòó. Ó ní, "Má dá a jẹ, ọmọ mi. Lọ sọ fún Baálẹ̀." Ìwà rere ni, àbí? Ẹ gbọ́ ohun tí ó bí.

Baálẹ̀ dé igbó, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó so ògbólógbòó ìgbálẹ̀ mọ́ igi ńlá náà, ó fi ṣe àálè, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé igi ti ní ẹni tó ni ín, kí olè má fọwọ́ kàn án. Ọ̀tún Baálẹ̀ so àkísà lé e. Ìyálóde so ìkarahun ìgbín lé tiwọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí igi tí kò ní àálè mẹ́ta. Ọkùnrin kan tilẹ̀ so tirẹ̀ mọ́ òkìtì ọ̀gán, bóyá yóò so èso lẹ́ẹ̀rùn.

Lówùúrọ̀, Baálẹ̀ na ọwọ́ sí èso. Igi gbé ẹ̀ka rẹ̀ sókè.

"Àálè wà níbẹ̀," ni igi wí.

"Èmi ni mo so ó."

"A kò mọ ojú. Àálè ni a mọ̀. Ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ jẹun."

Ṣé ìyẹn ṣòro? Baálẹ̀ ní, "Kí Ọ̀tún kọ́kọ́ tú tirẹ̀." Ọ̀tún ní, "Kí Ìyálóde kọ́kọ́ tú tirẹ̀." Ìyálóde ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ so ni kó kọ́kọ́ tú." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe báyìí, tí ikùn wọn ń kùn. Ìyá àgbà ti padà sórí ẹní, kò lè la ojú mọ́.

Àwẹ̀ró fi omijé bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ tú ti igi kan ṣoṣo."

"Ọmọdé ò mọ ọ̀rọ̀ ìlú," ni wọ́n dá a lóhùn.

Igi ńlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i létí. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni kò so nǹkan mọ́ wa lára. Gbé ìyá rẹ wá."

Àwẹ̀ró pọn ìyá àgbà sẹ́yìn. Ó ń kọrin, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò sì dúró. Igbó yà fún wọn, ó gbà wọ́n wọlé, ó padé. Ó sì ṣí kúrò níbẹ̀ tigi-tomi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàngbẹ ilẹ̀ ló kù, àti òkìtì àálè. Ẹ rò pé àwọn ọlọ́gbọ́n sunkún? Wọ́n ń jà lórí ẹni tó ni àkísà, ẹni tó ni ìkarahun. Baálẹ̀ rí ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú, inú rẹ̀ dùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ohun tí yóò so ó mọ́.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ dá ohun gbogbo ènìyàn gbà, ọwọ́ òfìfo ni yóò gbé délé. Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí o. Kí olúkúlùkù lọ tú àálè tí ó so mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ kí ó tó sùn.