Wúràọlá Níwájú Ìkànnì Tó Kọ̀ Láti Ṣí
Olóyè Ajíṣafẹ́ ni olórí ẹbí, ohun tó bá ti wí labẹ gé. Kò pẹ́ tí wọ́n sin Dọ̀tun àbúrò rẹ̀ ni Olóyè pàṣẹ fún Wúràọlá, opó Dọ̀tun, pé lójú gbogbo ẹbí ni kó ti ṣí ìkànnì orí ayélujára tí olóògbé máa ń ka ìtàn sí. Ó ní bí kò bá lè ṣí i, ó di ti òun nìyẹn. Wúràọlá kò bímọ, ohùn ọkọ rẹ̀ lórí ìkànnì yẹn nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìsìnkú, ọ̀rọ̀ aṣínà tí òun àti Dọ̀tun jọ ń lò kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹbí péjọ, ó ní, "Olóyè, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, àbí?" Olóyè ní, "Níbo ni n ó ti mọ̀ ọ́n? N ò rí i rí." Wúràọlá ní òun ti wá rántí òmíràn tí Dọ̀tun máa ń lò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ó ń pè é jáde, "Èjì, ẹ̀sán…" Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, má da ara rẹ láàmú. Nọ́ńbà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Wúràọlá gbọ́wọ́ kúrò. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Olóyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ èyí tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Àwọn àgbà tẹjú mọ́ Olóyè títí ó fi tẹ̀ ẹ́, ìkànnì sì ṣí. Nígbà tí kálukú lọ tán, Wúràọlá yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Ó ń pè é sókè ketekete kó má baà gbàgbé, kò kúkú sí ẹni tí yóò gbọ́ nínú ilé.