Bí Òwú àti Èèkù Ọ̀bẹ Ṣe Wọ Inú Máńgòrò

Wọ́n fún Máńgò ní orúkọ tí nǹkan mìíràn ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwà tí wọ́n hù sí i nìyẹn.

Láyé ọjọ́un, tí igi ṣì ń fẹsẹ̀ rìn, èso Máńgò rọ̀ látòkè délẹ̀. Kò ní kóró, kò ní òwú. Ọmọ tí kò tíì hu eyín ń gbé e mì. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé ilẹ̀ wa, àwọn atukọ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Kò pẹ́ tó fi di afọ́nnu.

"Agbálùmọ̀, èmi nìkan ni mo ń jẹ́ Máńgò lábẹ́ ọ̀run!"

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni Agbálùmọ̀, aládùúgbò rẹ̀, wí. "Ìwọ àlejò, lọ sí èbúté kí o lọ gbọ́."

Máńgò lọ. Ó bá Potogí kan tó ń pariwo mọ́ aránṣọ: "Máńgà mi ti ya!"

Máńgò fọwọ́ kan ara rẹ̀. "Èmi? Níbo ni mo ti ya?"

"Ta ló bá ọ wí? Apá ẹ̀wù mi ni. Máńgà là ń pe apá ẹ̀wù, máńgà náà là ń pe ìwọ."

Ará Sípéènì kan ń pọ́n ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Máńgò yíjú sí i. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí ni máńgò lọ́dọ̀ yín?"

"Ìwọ ni. Èèkù ọ̀bẹ mi yìí náà ni."

Ó kan Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó dúró tì wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kù. Ẹ má dójú tì mí."

"Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ nìkan ló ń jẹ́ máńgò."

Máńgò bẹ́ sí ijó.

"Àmọ́ a yá a ni o. Ẹnu Potogí la ti gbọ́ ọ."

Ijó já.

"Ó dáa!" ni Máńgò wí. "Bí mo bá gbé wọn mì, ta ni yóò tún bá mi jẹ́ ẹ?" Ó fa apá ẹ̀wù ya, ó gbé e mì. Ó já èèkù ọ̀bẹ gbà, ó gbé e mì.

Potogí rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n rán apá mìíràn. Ará Sípéènì gbẹ́ èèkù tuntun.

"Ọgbọ́n mi náà rèé," Máńgò ń dá sọ bó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé. "Mo jẹ aṣọ. Mo tún jẹ igi, èmi tí mo jẹ́ igi! Ẹni tó bá ń wá òmùgọ̀, kó dúró lọ́dọ̀ mi."

Agbálùmọ̀ ti ń dúró dè é. "Máńgò, rò ó! Ṣé ọ̀rọ̀ tí a gbé mì ló ń tán lẹ́nu ayé?"

Ọ̀pẹ tó wà nítòsí gbọ́ "Máńgò, rò ó" sí "Máńgòrò". Ó ṣe bí orúkọ ni, ó sì ń fi pè é káàkiri. Orúkọ kan ṣoṣo tí ẹlòmíì kò bá a jẹ́, èébú ni.

Láti ọjọ́ náà ni kóró Máńgòrò ti le bí èèkù ọ̀bẹ, tí òwú ara rẹ̀ sì ń há sáàárín eyín. Bó bá há ọ léyín, òun ló ń bi ọ́ léèrè: "Ìwọ tó ń tayín yìí, ṣé èmi ni mo ń jẹ́ orúkọ apá ẹ̀wù ni, àbí apá ẹ̀wù ló ń jẹ́ tèmi? Yọ ìka lẹ́nu, kí o dá mi lóhùn!"