Tíúbù Ọlátẹ́jú àti Mọ́tò Ìjàpá

Gbogbo rọ́bà ló gba atẹ́gùn, ìwọ̀nba ló gba fífà. Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti wá? Kì í ṣe òwe ayé àtijọ́ rárá, kò tíì hu ewú kankan, síbẹ̀ àwọn tó ń pa á kiri kò mọ orírun rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ti wá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ Ọlátẹ́jú, mẹkáníìkì ìlú Òkè-Amọ̀, ló ti wá, bí ó sì ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Kí Ọlátẹ́jú tó di mẹkáníìkì, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń lẹ táyà. Nítorí náà, kò sí ohun tó bàjẹ́ láyé yìí tí kò gbà pé tíúbù lè tún ṣe. Tíúbù ló fi so ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíúbù ló fi ṣe ìgbànú ṣòkòtò. Ìyàwó rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé, bí ó bá tún fi tíúbù so ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, òun yóò kó ẹrù òun padà sílé bàbá òun.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, ìyẹn ni ipò alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Ní Òkè-Amọ̀, wọn kì í dìbò yan alága. Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà yóò wá òkú mọ́tò, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, yóò gbé Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ sí ìjókòó iwájú, yóò sì wà á dé orí òkè tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Bàbá Ìsàlẹ̀ yóò gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná lé itan. Bí mọ́tò bá kú lọ́nà, tàbí tí ẹ̀kọ bá dà, ó di ọdún mẹ́ta kí olúwarẹ̀ tó tún gbìyànjú. Ọlátẹ́jú ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kejì ni ẹ kò gbọdọ̀ bi Bàbá Ìsàlẹ̀ léèrè títí di òní, nítorí itan rẹ̀ ni ẹ̀kọ náà dà sí. Ẹni tó bá sì ti pé ọgọ́ta ọdún kò lè du ipò náà mọ́. Ọlátẹ́jú yóò pé ọgọ́ta lóṣù tó ń bọ̀.

Mọ́tò ìjàpá kan, èyí tó rí roboto bí igbá ìjàpá, ló rí tún ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko, àmọ́ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún un ti jẹrà, kò sì rí irú rẹ̀ rà. Ó wá yọ kabúrétọ̀ alùpùpù méjì, ó gbé ọ̀kan sí ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sí òsì. Ó ku rọ́bà tí yóò so wọ́n mọ́ ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ó bá gba ọ̀dọ̀ Màmá Rálíátù lọ, àgbàlagbà obìnrin tó ń ta rọ́bà mọ́tò ní ìsàlẹ̀ òkè.

Màmá na ọwọ́ sí rọ́bà kan tó ki, tí wọ́n hun okùn sínú ara rẹ̀. "Ọlátẹ́jú ọmọ mi, èyí ni kó o mú. Epo kì í rẹ ẹ́ rọ̀, inú rẹ̀ kì í sì í pa dé."

"Háà, Màmá, èyí le jù. Ẹ jẹ́ n lo tíúbù. Kabúrétọ̀ alùpùpù, tíúbù alùpùpù, ṣé ẹ rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n?"

"Tíúbù kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì kì í fẹ́ atẹ́gùn sí rọ́bà o. Fífà ló ń fà."

"Àbí atẹ́gùn kan náà kọ́ ni, Màmá? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá atẹ́gùn ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Màmá fi rọ́bà rẹ̀ kọ́ padà. "Ó dáa. Òkè ò sá lọ, èmi náà ò sì kó kúrò níbí."

Nígbà tí Ọlátẹ́jú délé, ó gé tíúbù, ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì kó lè nípọn. Ó wá dán an wò bí gbogbo àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń ṣe. Ó dí ẹnu rẹ̀ kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi wú, ó sì rì í sínú ọpọ́n omi, ó ń wo ibi tí omi yóò ti hó. Omi kò hó. Ó gbá a ní ìpá, ó jókòó lé e, ó tún ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá jókòó lé e. Ìyàwó rẹ̀ ní aṣọ lòun ń fọ̀. Inú Ọlátẹ́jú dùn débi pé ó lọ dúró níwájú dígí, ó kí ara rẹ̀ kú oríire.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá Àtàndá tó jẹ́ Bàbá Ìsàlẹ̀ wọ mọ́tò, ó gbé ẹ̀kọ lé itan, ó sì fi aṣọ ìnura mẹ́ta tẹ́ abẹ́ abọ́. Mọ́tò ké ramúramù, ó kọjú sí òkè. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú Màmá Rálíátù, Ọlátẹ́jú fun fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta kí ara lè ta á. Ó tẹ epo mọ́lẹ̀ gírígírí, kò gbé ẹsẹ̀. Wọ́n gùn ún dé ìdajì. Wọ́n gùn ún títí ó fi ku díẹ̀ báyìí kí wọ́n débi tí ẹgbẹ́ dúró sí.

"Rọra, Alága," ni Bàbá Àtàndá wí. "Ẹ̀kọ mi ti ń mì."

Kò sí ẹni tó pe Ọlátẹ́jú ní alága rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Orí rẹ̀ wú. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí ó lè yíjú dá Bàbá lóhùn bí alága ṣe ń dáhùn.

Bí ẹsẹ̀ ṣe kúrò, ẹnu àwọn kabúrétọ̀ pa dé, ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń sáré sì fi gbogbo agbára fa èémí. Kò rí nǹkan mìíràn fà ju tíúbù lọ. Fíù! Tíúbù tí epo ti rẹ rọ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ọlátẹ́jú tẹ bíréèkì, àmọ́ bíréèkì mọ́tò náà kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni, kò lè pàṣẹ fún un. Mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, jẹ́jẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ létí ọ̀nà, tó ti kí wọn "Ẹ kú ìrìn" nígbà tí wọ́n ń lọ, tún na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o!" Bàbá Àtàndá fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ rẹ̀ sókè títí mọ́tò fi fi ìdí sọ òkìtì iyanrìn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Rálíátù.

"Ẹ̀kọ ò dà," ni Bàbá wí. "Àmọ́ a ò dé."

Omi lé ròrò sójú Ọlátẹ́jú. Ó dùn ún wọ egungun. Màmá Rálíátù kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n ti mọ́tò síwájú díẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó yọ tíúbù kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀ kan, ó sì na ẹnu kejì sí Ọlátẹ́jú. "Fi ẹnu fà á." Ọlátẹ́jú fà á, tíúbù pa pẹlẹbẹ, ó lẹ̀ mọ́ ọn létè. Màmá mú rọ́bà olókùn wá. "Ó yá, fa èyí náà." Ọlátẹ́jú fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, rọ́bà kò mira.

Bàbá Àtàndá ti mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Ó nu ẹnu, ó ní, "Ọlátẹ́jú, o fẹ́ atẹ́gùn sí i, o ò fà á wò. Gbogbo rọ́bà ló gba atẹ́gùn, ìwọ̀nba ló gba fífà."

Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe alága, nítorí òfin ni òfin. Lọ́jọ́ kejì, Ọlátẹ́jú fi rọ́bà Màmá sí i, ó gun òkè náà dé téńté, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo nígbà mẹ́wàá, mọ́tò kò kú. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí a bá fẹ́ fi ènìyàn sí ipò, tàbí tí a fẹ́ fi ọmọ fún ọkọ. Ẹni tí à ń yìn, tí à ń kẹ́, tí à ń fún ní tọwọ́ ẹni, kò sí bí kò ṣe ní wú, kí ó sì dára lójú. Ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ la ó tó mọ̀ bóyá ó lè dúró. Bí ẹ bá ń yin irú ẹni bẹ́ẹ̀ níwájú àgbàlagbà, yóò gbọ́ yín tán, yóò sì bi yín pé: ta ló ti fà á wò?