Agboòrùn Pupa ní Ìlú Ẹ́díńbọ́rà

Nígbà tí ọba Ìdóró wàjà, gbogbo ojú yí sí ilé Ọ̀gbọ̀rọ̀, nítorí ilé wọn ni oyè kàn. Adéṣọkàn ni ọkùnrin tó dàgbà jù nínú ilé náà. Kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń rìn bí ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn afọbajẹ jókòó, Adérógbà, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà ni Adéṣọkàn kò ti bá ará ilé jẹun pọ̀ mọ́. Ó ní ilé ẹjọ́ ni òun yóò ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ilé ẹjọ́ ló ń ba Adéróunmú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lẹ́rù. Ní Ìdóró, ọba tuntun kì í dá wọ ààfin. Ọkùnrin tó dàgbà jù nílé rẹ̀ ni í di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú kọjá ìloro. Bí ọwọ́ yẹn kò bá sí, ìta ni ọba yóò wà, ilé Ọ̀gbọ̀rọ̀ yóò sì fọ́ sí méjì, ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọba yóò wọ ààfin sì ti ń sún mọ́lé. Adéróunmú ti bẹ àbúrò rẹ̀, ó ti bínú sí i, ó ti sunkún níwájú rẹ̀. Òkúta ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀,” ni Adéṣọkàn máa ń wí. “Orí tí wọn kò fi adé dé kò ní rán ọwọ́ níṣẹ́.”

Fọláṣayọ̀, ọmọ Adéṣọkàn tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ́díńbọ́rà nílẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, ló ní kí àwọn méjèèjì wá gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn, èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀, ó kó wọn lọ wo ìlú àtijọ́. Obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Mọ́rágì ni yóò mú wọn rìn, àwọn àti àlejò mìíràn láti ilẹ̀ oríṣiríṣi. Orí àpáta ńlá ni wọ́n ti pàdé, níwájú ilé olódi tí àwọn ọba ayé àtijọ́ kọ́ síbẹ̀. Láti ibẹ̀, òpópónà olókùúta sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ títí dé ẹnu ààfin nísàlẹ̀.

Bí Mọ́rágì ti kí wọn tán, ó ṣí agboòrùn pupa ńlá kan, ó sì gbé e sókè.

Adéṣọkàn wo ojú ọ̀run. Oòrùn kò mú, òjò kò ṣú. Ó wo àwọn yòókù. Kò sí ẹni tó ṣí agboòrùn nínú wọn. Ní Ìdóró, ọba nìkan ni wọ́n ń ṣí agboòrùn fún ní ìgboro láìsí òjò. Ẹlòmíràn tó bá dán an wò, ààfin ni yóò ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọkùnrin náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó gba àárín èrò kọjá, ó sì lọ dúró sábẹ́ agboòrùn náà.

“Fọláṣayọ̀, o ṣeun,” ó fi ohùn jẹ́jẹ́ wí. “Ọmọ tìrẹ náà yóò bu ọlá fún ọ.”

Fọláṣayọ̀ la ẹnu. Adéróunmú tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn pé...”

“Pa ẹnu mọ́, jàre. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú Adérógbà, ìgbà wo lo ti rí eyín bàbá rẹ?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mọ́rágì rò pé ìtàn ló wu bàbá náà tó fi sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń tẹ agboòrùn sí i. Adéṣọkàn ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń bẹ̀. Bí obìnrin náà bá nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, a máa mi orí bí ẹni pé òun ló ní kí wọ́n kọ́ ọ. Bí àwọn tó jókòó síwájú ilé kọfí bá gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò agbádá rẹ̀, a máa juwọ́ sí wọn.

Adéróunmú ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kí ó tó mọ̀, oríkì ilé wọn ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Ọmọ a-rìn-bí-ẹni-má-fẹ́-tẹ-ilẹ̀, ọmọ aládé tó fi iyùn ṣọ̀ṣọ́ ọmọ...” Ó dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà náà ló yé e pé òun náà ti fẹ́ adé yẹn fún àbúrò òun, pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí òun ń bẹ̀ ẹ́, kò tí ì dé inú òun fúnra òun.

Ibi tí òpópónà ti pàdé òmíràn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Agbo àlejò kan yọ lọ́wọ́ òsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé agboòrùn aláwọ̀ ewé síwájú wọn. Òmíràn yọ lọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú agboòrùn olómi ọsàn. Kò sí àgbà kankan lábẹ́ èyíkéyìí.

Adéṣọkàn dúró. “Fọláṣayọ̀, ọba wo ló ni ìwọ̀nyẹn?”

Fọláṣayọ̀ wo Adéróunmú. Adéróunmú wo ilẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí ọba níbẹ̀. Àmì ni, kí àlejò má baà sọnù.”

“Èyí tó wà lórí mi yìí ńkọ́?”

“Òun náà ni, Bàbá.”

Adéṣọkàn bọ́ kúrò lábẹ́ agboòrùn náà bí ẹni tó dìde lórí ẹní tí kì í ṣe tirẹ̀. Adéróunmú rí i pé ìtìjú tuntun ti gun orí ìbínú àtijọ́. Ta ni yóò tún lè bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ ààfin?

Àfi bí òjò ṣe ṣú lójijì, tó sì rọ̀. Pà, pà, pà, agboòrùn ṣí káàkiri. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ìgboro ṣí tirẹ̀. Ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ṣí tirẹ̀. Bàbá òyìnbó kan sì ń bọ̀, òjò ń pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ gbọọrọ, ó gbé agboòrùn lé ajá kékeré kan lórí. Ajá náà rọra ń gbé ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó kọjá níwájú Adéṣọkàn.

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo ń gbọ́.”

“Ṣé ẹ rí ìrìn rẹ̀?”

“Mo rí i.”

“Ìrìn mi ni.”

Adéróunmú fún ẹnu pọ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde, kò ràn án. “Tìrẹ sàn díẹ̀,” ó wí. “Ìwọ ń juwọ́.”

Ni Adéṣọkàn bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé, omijé dà pọ̀ mọ́ omi òjò lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í lórí òkúta tútù náà.

“Èmi náà jẹ̀bi,” ni Adéróunmú wí. “Mo ń kì ọ́ lẹ́yìn.”

“Mo gbọ́ yín. Òun ni kò jẹ́ kí n yára rìn.”

Èrò ń kọjá, olúkúlùkù lábẹ́ agboòrùn tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Adéṣọkàn nawọ́ sí ọmọ rẹ̀.

“Bá mi pe Adérógbà.”

Fóònù dún títí. “Bọ̀ọ̀dá?” Ẹ̀rù wà nínú ohùn náà.

Adéṣọkàn dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀ nínú òjò. “Kábíyèsí,” ó wí, ọ̀rọ̀ tí kò pè é rí. “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Èmi ni n ó mú yín wọlé.”

Ó sì mú un wọlé. Láti ìgbà náà, bí ìyìn ojú ọ̀nà bá fẹ́ máa pa ẹnikẹ́ni bí ọtí ní Ìdóró, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń pè é bọ̀ sípò ni pé: Kì í ṣe gbogbo orí tó wà lábẹ́ agboòrùn ló dé adé.