Àwẹ̀ró àti Ajá Olójú Ìkookò

Ààlọ́ o!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dáhùn? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlàní, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi. Ìwọ náà wà lára àwọn tó sá fún ajá tíṣà nírọ̀lẹ́ yìí, tí ẹ ju bàtà sílẹ̀ tí ẹ ń pariwo pé ìkookò wọ̀lú. Nítorí tiyín ni àlọ́ mi ṣe ta kìtì, ó fò kọjá lórí obìnrin kan, ó fò kọjá lórí ajá kan, ó wá jókòó sórí Òbúkọ.

Ní abà kan báyìí tó wà lẹ́bàá àpáta, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, òun nìkan ló ń gbélé. Iṣẹ́ láfún ló ń ṣe. Á bó ẹ̀gẹ́, á rẹ ẹ́ sómi, tó bá rọ̀ tán, á sá a sórí àpáta kí oòrùn pa á. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé téèyàn bá sá nǹkan sí gbangba, àálè ló máa ń fi sí i. Àwẹ̀ró so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi, ó rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún. Kò sí ọmọ èèyàn kan lábà tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n Òbúkọ, kí ló kàn án nínú àálè? Bí Àwẹ̀ró bá ti kẹ̀yìn, á gun àpáta, kó-kó-kó, á ki ẹnu bọ láfún, wàmùwàmù. Tó bá yó, á nu irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ koríko, á wá lọ dúró lọ́nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ṣé láfún ń gbẹ?"

"Ó ń gbẹ, ó sì ń dín," ni Àwẹ̀ró máa ń wí.

Nígbà tó sú u, ó lọ sílé Ọdẹ́tọ́lá ọdẹ, tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ mẹ́ta ló kù. Ọdẹ́tọ́lá ju ẹran sílẹ̀ fún wọn. Èkíní sáré bo ẹran náà. Èkejì ń sùn, kò tilẹ̀ jí. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Etí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ojú rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ kún bámú. Ìkookò gẹ́lẹ́! Ó kọjá lára ẹran, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀, pẹ̀tẹ̀.

Ọdẹ́tọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń sá."

Àwẹ̀ró ní, "Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti lọ, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí báyìí. Èyí ni mo fẹ́. Ojú rẹ̀ á máa lé olè, inú rẹ̀ á máa bá mi gbélé. Kí ni mo tún ń wá?"

Ó sọ ọ́ ní Ẹwòódáadáa. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá la fi ń dá aládùúgbò lóhùn. Bó bá ń pè é wálé, orin ló máa ń kọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa gbè é:

Ẹwòódáadáa, mo ń pè ọ́ o
— Jáńgbá, jàngbà!
Etí ṣóńṣó, wá jókòó tì mí
— Jáńgbá, jàngbà!
Ojú ìkookò, inú ajá
— Jáńgbá, jàngbà!
Ilé ti kún, n ò dá wà mọ́
— Jáńgbá, jàngbà!

Lọ́jọ́ kejì, Òbúkọ gun àpáta, kó-kó-kó. Ajá ní, "Gbàù!" Òbúkọ yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, láfún kò dín mọ́, inú Òbúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Nígbà tó ṣe, tí ajá ti ga, Òbúkọ wá ń lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ rí bó ṣe ń wo adìyẹ yín? Ìkookò ni obìnrin yẹn ń sìn. Tó bá dàgbà tán, ta ló máa kọ́kọ́ jẹ?" Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣa ìyẹ́ adìyẹ lórí ààtàn, ó fọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró. Kò burú, Òbúkọ.

Baálẹ̀ rí ìyẹ́, kò bèèrè ohunkóhun. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni mo fún ọ. Dá ẹranko yìí padà, àbí kí ìwọ náà bá a lọ."

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka adìyẹ yín. Èwo ló sọnù?"

Kò sẹ́ni tó kà á.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Àwẹ̀ró fi okùn sí ajá lọ́rùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ajá sì ń ju ìrù, ó rò pé oko làwọn ń lọ. Òbúkọ wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá odò. Ó jó, ó gun àpáta, ó jẹ láfún títí ikùn rẹ̀ fi rí gbẹ̀ǹdù. Kò tilẹ̀ ráyè nu irùngbọ̀n.

Ibẹ̀ ló wà tí igbó fi mì, fìrì. Òbúkọ gbójú sókè, ó rí etí ṣóńṣó, ó rí ojú pípọ́n. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ajá yìí, o tún já okùn? Wọ́n ti lé ọ lábà. Máa lọ kí n tó fi ìwo gbé ọ."

Ẹranko náà kò lọ. Ó lá ẹnu, ó tún sún mọ́ ọn.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ju ìrù kí n rí i."

Ìrù kò mì. Òbúkọ bojú wo ọ̀nà, ó rí Àwẹ̀ró lọ́ọ̀ọ́kán ní òdìkejì odò tó ń fa ajá rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Òun tó ń pe ajá ní ìkookò, òun náà ló pe ìkookò ní ajá! Orin wo ló mọ̀ tó lè kọ? Ẹ gbè é:

Ẹwòódáadáa, mo ń pè ọ́ o
— Jáńgbá, jàngbà!
Òbúkọ rèé o, wá gbà mí
— Jáńgbá, jàngbà!
Adìyẹ kankan ò sọnù o
— Jáńgbá, jàngbà!
Irọ́ ni mo pa, wá gbà mí
— Jáńgbá, jàngbà!

Gbogbo abà ló gbọ́ ọ. Ajá já okùn, fàá, ó sáré gun àpáta, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Ìkookò rí ojú tó jọ tirẹ̀, ó dúró, ó ń ṣe kàyéfì. Ojú náà wá ní, "Gbàù!" Àwọn ará abà sì ń bọ̀ tàwọn ti kùmọ̀. Ìkookò kò dúró gbọ́ èkejì, ó wọ igbó lọ ráúráú.

Baálẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó bá Òbúkọ lábẹ́ ikùn ajá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú.

"Òbúkọ, ìwọ lo mọ ìkookò jù nínú wa. Ó yá, fi í hàn wá."

Òbúkọ fẹ́ sọ̀rọ̀, láfún ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ajá ní tirẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ bá Àwẹ̀ró tó ti sáré padà dé, ó jókòó lé e lẹ́sẹ̀, pẹ̀tẹ̀.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn tó kù lọ́rùn ajá. "Àwẹ̀ró, má bínú. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ orúkọ tó o sọ ọ́, n ò fìgbà kan wò ó dáadáa."

Òbúkọ ló pọn omi tí wọ́n fi rẹ ẹ̀gẹ́ Àwẹ̀ró ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Nígbà tí ajá Ọdẹ́tọ́lá tún bímọ, ilé rẹ̀ kún fún èèyàn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bèèrè: "Olójú ìkookò dà níbẹ̀?" Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, ẹlòmíràn á rí gbogbo ajá, èyí tó jọ ìkookò ni yóò mú lọ sílé. Ojú wà fún àjèjì, inú wà fún ará ilé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ má fi ojú lásán dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kí ẹ má sì pa irọ́ mọ́ ẹnìkejì yín, torí ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa ké pè lọ́la.

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ilé, ó jókòó. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí irùngbọ̀n funfun hù sí èmi náà lágbọ̀n.

Àlàní, bí o bá tún pàdé ajá tíṣà lọ́la, má sá. Dúró, kó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ.