Igèrè Abẹ́ Òkúta

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sétí adágún, ó bá Alákàn àti Ẹ̀tà níbẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, torí inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní adágún kan tí wọ́n ti máa ń fi ìwọ̀ pẹja lọ́jọ́ ìsinmi. Kì í ṣe torí ebi, fún ìgbádùn ni. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá mú ọmọ ẹja, kó gbé e lọ sídìí òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà létí omi, kó dá a padà sómi kó lè dàgbà. Alákàn ni aṣọ́dò.

Ẹ̀tà ló máa ń pariwo òfin náà jù. Á ní, "Ẹ dá wọn padà o. Kí làwọn ọmọ wa máa rí mú lọ́la?" Wọ́n á ní ọmọlúàbí ni.

Nígbà tó yá, ẹja tán lódò. Ọba Erin ránṣẹ́ pe Alákàn.

"Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ikùn nìwọ fi ń ṣọ́ odò. Lọ́la, kó ẹrù rẹ kúrò níbí."

Ẹ̀tà tó wà níbẹ̀ mi orí. "Ẹni a ní kó ṣọ́lé ló ń kólé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Alákàn wọ eegun. Etí omi yẹn ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ó rò ó títí: ọmọ ẹja tí à ń dá padà, ibo ni wọ́n ń wọlẹ̀ sí? Ó bẹ́ sómi, ó dé ìdí òkúta. Igèrè, agbọ̀n tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ló bá níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sókè, ọmọ ẹja kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Kò pariwo. Ó tú ìdí igèrè, ó dá àwọn ẹja sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wọlé, ó fi ìbínú jókòó.

Bí àwọn apẹja ṣe ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ kan yọ́ wọnú igèrè. Alákàn gbá a mú.

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo wọn, títí kan Ọba Erin, sáré dé. Ẹ̀tà ni. Wọ́n fà á sókè tòun tigèrè, Alákàn ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí," ni Alákàn wí, "ẹ wo ọwọ́ ọmọlúàbí yín."

Erin bẹ̀ ẹ́ títí. Alákàn ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lé Ẹ̀tà kúrò létí omi títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ń pariwo òfin jù, ẹ lọ wo abẹ́ òkúta rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó sì ń lé aṣọ́dò, ẹ kọ́kọ́ bẹ omi wò.