Ojú Gíláúkù Nídìí Ago

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Ẹni tó ya ojú ara rẹ̀ sídìí ago, kó má bínú sí ọ̀mutí." Ẹ ó ní, ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò ya ojú sídìí ago? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti Gíláúkù.

Ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ló gbé, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fẹ̀gbẹ́ lé àga gbọọrọ mutí níbi àsè. Ó lówó, ṣùgbọ́n òùngbẹ ìyìn ń gbẹ ẹ́ ju òùngbẹ omi lọ. Ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti tọ́jú ìkòkò ńlá kan tó kún fún ọtí àjàrà dè é. Ọtí yìí ni àwọn àna máa fi mọ̀ pé ilé ọlọ́lá ni àwọn ti wá fẹ́yàwó.

Ó lọ bá amọ̀kòkò. "Ya ojú mi sára àwọn ago tuntun."

"Ẹ̀yìn ago ni, àbí inú?"

"Ìdí inú lọ́hùn-ún! Ẹni tó bá mutí mi tán, èmi ni kó rí."

"Bàbá, kí wọ́n tó rí yín, wọ́n á kọ́kọ́ mu ún tán o."

"Ìwọ ṣáà ya imú mi dáadáa."

Nígbà tí àwọn ago dé, tí wọ́n dúdú kirikiri, tí ojú pupa ń dán nínú wọn, ara Gíláúkù kò gbà á mọ́. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kàn wá tọ́ ọtí wò. Lísù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ kò ní ìsàlẹ̀, gbé tirẹ̀ mì káló.

"Háà! Gíláúkù rèé! Ẹ wo imú bí imú ọba!"

Orí Gíláúkù wú. "Ẹ bu òmíràn fún un!"

Wọ́n bù ú. Lísù wo inú ago, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ọ̀rẹ́ mi ti rì! Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́!" Ó tún gbé e mì.

Ni gbogbo ilé bá dìde láti dóòlà rẹ̀. "Ó ń kú lọ nínú ago tèmi náà o!" Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ni wọ́n ń yin imú rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń yin imú ni Gíláúkù ń ní kí wọ́n bu sí i.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó yọjú. "Baálé mi, ta ló ń kú?"

"Èmi ni," ni Gíláúkù fi ẹ̀rín dáhùn.

Obìnrin náà bẹjú wo inú ìkòkò. "Òótọ́ lẹ sọ. Ọtí ọmọ wa ti tán."

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu Gíláúkù. Ó kọjú sí Lísù. "Ọ̀mutí! Ọ̀kánjúwà!"

"Ṣé kí n wá fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ kó kú sómi ni?" ni Lísù fèsì.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, omi ni wọ́n bù fún àwọn àna. Omi kò bo nǹkan kan. Gíláúkù ń wò wọ́n kedere láti ìsàlẹ̀ ago, tòun ti imú. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa fi orí pamọ́ sí. Bàbá ọkọ ìyàwó wo ago, ó wo Gíláúkù, ó rọra gbé ago kalẹ̀.

"Àna wa, a ti rí yín. Ọtí la ò rí."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé, ẹni tó ya ojú ara rẹ̀ sídìí ago, kó má bínú sí ọ̀mutí.